Báwo ni irúgbìn ṣe ń rìn? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àyẹ̀wò tí à ń ṣe ní kíláàsì wa ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Ilé-Ifẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ irúgbìn, WhatsApp mi kì í sinmi mọ́. Olùkọ́ ẹgbẹ́ mi kan á pè láti Iléṣà, ìyá ọmọ kan á fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ òun fi gbé ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ sílé ìwé. Mo wá kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún béèrè.

Kí ló dé tí irúgbìn fi ní láti rìn? Ṣé kò lè hù sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni?

Ó lè hù, ṣùgbọ́n ìyà ló máa jẹ ẹ́. Ẹ lọ wo abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn òjò bíi mélòó kan. Ẹ máa rí àwọn ọmọ máńgòrò tó hù tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ewé wọn rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ẹ padà síbẹ̀ lọ́dún kejì, bóyá lẹ máa rí ẹyọ kan. Ìyá wọn ti gba gbogbo oòrùn, gbòǹgbò rẹ̀ ló ń mu omi tó yẹ kí wọ́n mu, kòkòrò àti àrùn tó bá sì ti mọ ilé ìyá, kò ní í ṣì ilé ọmọ. Ìdí nìyẹn tí igi fi ń wá bí ọmọ rẹ̀ yóò ṣe jìnnà sí i. Igi ò lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń yá lò: ti atẹ́gùn, ti omi, ti ẹyẹ àti ẹranko, ti èèyàn. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kì í yá ti ẹnikẹ́ni, ṣe ni wọ́n máa ń ta fúnra wọn. Gbogbo rẹ̀ là ń pè ní ìfọ́nká irúgbìn.

Ìwé tí a fi ń kọ́ wọn ń sọ̀rọ̀ dandelion àti sycamore, àwọn ewéko òyìnbó tí atẹ́gùn ń gbé irúgbìn wọn. Níbo la ti máa rí wọn?

Ẹ ò ní rí wọn, ẹ má sì wá wọn. Ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti mọ àwọn yẹn bí ẹni mowó. Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí: ọmọ á gba ọ̀nà oko wá sílé ìwé, abẹ́rẹ́ olóko á kún etí ṣòkòtò rẹ̀. Á dé kíláàsì, á ya dandelion tí kò rí rí sínú ìwé, á gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Nígbà tó bá ń lọ sílé, á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á máa fọwọ́ tu abẹ́rẹ́ olóko kúrò lára ṣòkòtò, á máa ṣépè fún un. Kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lòun ń tu dànù.

Bí ìdánwò bá bi í ní dandelion lọ́jọ́ kan, kó ti mọ bomubomu. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

Kí la nílò? Èló ló máa ná wa?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná yín ní kọ́bọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ tó tóbi, bàsíà omi, téèpù télọ̀, pépà, sísọ́ọ̀sì, páálí tí a ó lẹ irúgbìn mọ́, àti fóònù kan tó ní aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí fáànù bá wà, ó dáa. Bí iná bá lọ, abẹ̀bẹ̀ ò ní kí wọ́n tan òun kí òun tó fẹ́.

Níbo la ti máa kó irúgbìn náà?

Ẹ̀yìn kíláàsì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́bàá pápá bọ́ọ̀lù, ẹ máa rí abẹ́rẹ́ olóko, èèmọ́, àti ewé Akíntọ́lá. (Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, mi ò sí nínú ìjà yẹn.) Bomubomu fẹ́ràn etí ọ̀nà àti ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí tí wọn ò parí. Ní ti àràbà, ẹ bi àgbà àdúgbò, kò sí àràbà kan tó ga tán tí wọn ò ní í mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń la pákó àti àwọn àgbẹ̀ kòkó ló mọ ibi tí afárá, ahùn àti ìrẹ́ wà. Ilé ìdáná ló ni ilá tó gbẹ, ẹ̀wà tó ṣì wà nínú èèpo, ata àti ìbẹ́pẹ. Ẹni tó bá wà ní Ifẹ̀ tún lè kó àwọn ọmọ lọ sí Natural History Museum tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU), kí wọ́n lọ fojú wo bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan tí wọ́n bá kó jọ.

Mo máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú oríṣi mẹ́ta wá, kó sì kọ ibi tó ti rí i. Ibi tó ti rí i yẹn ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. "Ara ajá wa." "Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ wáyà iná." Ẹni tó kọ abẹ́ wáyà iná ti dáhùn ìbéèrè mi kí n tó bi í: ẹyẹ ló bà lé wáyà tó ṣu ú síbẹ̀. Ọmọ kan kọ ọ́ sí tirẹ̀ lọ́dún kan pé, "inú imú àbúrò mi." Ẹ̀wà ni.

Kí ni ìbọ̀sẹ̀ wà fún?

Ọmọ á wọ ìbọ̀sẹ̀ náà lé bàtà rẹ̀, á fà á dé orúnkún, á rìn nínú koríko fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó bá jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti di ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ẹ jókòó, kí ẹ máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí pépà funfun.

Ẹ mú abẹ́rẹ́ olóko kan, kí ẹ sún kámẹ́rà fóònù mọ́ ọn dáadáa. Ó dúdú, ó tín-ín-rín, kò gùn tó ìdajì ìka. Orí rẹ̀ ní ẹ̀gún méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Ẹ tún wo ẹ̀gún náà fínnífínní: gbogbo ara rẹ̀ ló ní eyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n kọjú sẹ́yìn, bí ẹnu ìwọ̀ tí a fi ń pẹja. Ìdí nìyẹn tó fi ń rọrùn fún un láti wọlé, tí kì í sì í fẹ́ jáde. Ti èèmọ́ yàtọ̀, ìkọ́ kéékèèké ló fi ń dì mọ́ aṣọ.

Ẹnjiníà ará Switzerland kan, George de Mestral, ló kó irú èyí lára ajá rẹ̀ lọ́dún 1941 nígbà tó lọ sígbó ọdẹ. Dípò kó ṣépè, ó gbé e sábẹ́ máíkíróskópù. Ohun tó rí níbẹ̀ ló di Velcro, nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ ara wọn lára bàtà àti báàgì ọmọ yín, tó ń dún fàràrà bí wọ́n bá ń já a. Ó gba ìwé àṣẹ lé e lórí lọ́dún 1955. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ọmọ tó bá ń ráhùn jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ abẹ́rẹ́ olóko mẹ́wàá mọ́ ìbọ̀sẹ̀, mẹ́wàá mọ́ àǹkárá, mẹ́wàá mọ́ láílọ́ọ̀nù. Ẹ gbọn aṣọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí ẹ ka iye tó ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ná kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n. Ìbọ̀sẹ̀ tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ bò ó nínú abọ́, kí ẹ máa wọ́n omi sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìbọ̀sẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í hu koríko. Ẹ ò ní rí ọmọ tó máa gbàgbé ìyẹn.

Báwo la ṣe ń ṣe ti atẹ́gùn?

Ẹ wọn 2 mítà sára ògiri, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ọmọ kan á gun àga, á jọ̀wọ́ irúgbìn sílẹ̀ láti ibẹ̀ (kó má jù ú o), ẹnì kejì á máa wo aago. Ẹ fi òkúta kékeré bẹ̀rẹ̀. Láti 2 mítà, òkúta máa ń balẹ̀ ní nǹkan bí 0.64 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ máa rí i pé ọwọ́ ọmọ ò lè yá tó aago ní irú àkókò kékeré bẹ́ẹ̀, tẹni kan á jẹ́ 0.5, tẹlòmíràn á jẹ́ 0.9. Ẹ má bínú sí wọn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ rò ó pọ̀, ẹ pín in sí 5. Bí ilé ìwé yín bá ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní ìgbátí tó dúró dáadáa, ibẹ̀ sàn jù, nítorí bó bá ṣe ga tó ni àṣìṣe ọwọ́ ṣe ń kéré tó.

Lẹ́yìn òkúta, bomubomu. Òwú rẹ̀ tó ń dán bí sílíìkì wà ní orí irúgbìn nìkan, ó ṣí bí agboòrùn. Bí ọmọ bá mí lé e, ó tún gòkè padà. Lẹ́yìn ìyẹn, afárá: ìyẹ́ méjì ló ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, atẹ́gùn á máa gbá a kiri kó tó balẹ̀.

Àràbà ló wá ní ọ̀rọ̀ nínú. Gbogbo èèyàn rò pé bí òwú ló ṣe rí, àmọ́ ẹ fún ọmọ ní méjèèjì kó tú wọn wò. Ti òwú, ara irúgbìn gan-an ni fọ́nrán ti hù jáde, ẹ ò lè yọ ọ́ láìjà. Ti àràbà, ara èèpo ni fọ́nrán ti hù, irúgbìn kàn jókòó sáàárín rẹ̀ bí ẹni tó wọ ọkọ̀ ni. Ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀, èrò á já bọ́. Èyí ló fi jẹ́ pé irúgbìn àràbà lè bọ́ọ́lẹ̀ lọ́nà, kí òwú rẹ̀ ṣì máa fò lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹyọ márùn-ún péré ni kí ẹ lò. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, odidi èso àràbà kan ni mo là níwájú fáànù. Ògiri tó wà láàárín kíláàsì wa àti èkejì kò dé òrùlé, ìdánwò ni wọ́n sì ń ṣe lọ́hùn-ún. Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, òwú funfun jókòó sórí gèlè rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́ yìí, ṣé tìmùtìmù lẹ̀ ń rọ ni?" Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ń gbá a, a ò gbá a tán.

Bí àràbà ò bá tíì là ńkọ́?

Ẹ fi pépà ṣe é. Ẹ gé pépà tó gùn ní 20 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 5. Ẹ la àárín rẹ̀ láti òkè dé ìdajì, ẹ ṣẹ́ apá kan síwájú, ẹ ṣẹ́ èkejì sẹ́yìn. Ẹ ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi kílíìpù há a. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á máa yí wálẹ̀ bí òòyì. Ẹ wá gé ìyẹ́ rẹ̀ kúrú díẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa wo aago. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan: bí ẹ bá gé ìyẹ́, ẹ má tún fi kílíìpù kún un, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ èyí tó fà á.

Ti omi ńkọ́?

Bàsíà omi, àti irúgbìn tó bá wà nílẹ̀: àgbàdo, kóró ọsàn, ẹ̀wà, fúrúùtù (èyí tí òyìnbó ń pè ní tropical almond), afárá. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè, "Èwo ló máa léfòó?" Ẹ ju gbogbo rẹ̀ sínú omi. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, torí àwọn tó léfòó lálẹ́ àná lè ti rì láàárọ̀. Bí ẹ bá máa ra àgbọn, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó má bọ́ èèpo ti ẹyọ kan. Fọ́nrán èèpo náà gba afẹ́fẹ́ sínú, òun ló ń gbé àgbọn lé orí omi òkun.

Fúrúùtù ni mo fẹ́ràn jù níbí. Èèpo rẹ̀ fúyẹ́, omi lè gbé e lọ jìnnà. Mọ̀lẹ́bí afárá ni, orúkọ ìdílé kan náà, Terminalia, ni àwọn onímọ̀ fi ń pe méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n gba ojú òfurufú, àbúrò gba orí omi.

Àwọn tó ń ta fúnra wọn dà?

Ẹ tẹ́ aṣọ ìbusùn sínú oòrùn, ẹ kó ẹ̀wà tó ti gbẹ nínú èèpo sáàárín rẹ̀, kí ẹ jókòó tì í ní nǹkan bí aago méjìlá. Pá! Ọ̀kan lọ. Ẹ fi téèpù wọn ibi tó dé. Bí èèpo bá ń gbẹ, fọ́nrán inú rẹ̀ ń fà á sí ọ̀nà kan, ti ẹ̀yìn ń fà á sí òmíràn, títí á fi ya sí méjì tí á sì lọ́ bí okùn. Ẹ fi èèpo tó ti lọ́ náà han àwọn ọmọ. Àgbẹ̀ kankan kò nílò àyẹ̀wò yìí, ó ti mọ̀ pé ẹ̀wà tó bá pẹ́ lóko jù á ta sílẹ̀, ẹyẹ ló ń jèrè rẹ̀. Èso rọ́bà náà ń ta, tirẹ̀ tilẹ̀ ń dún bí ìbọn.

Ẹranko ńkọ́? A ò lè kó ọ̀bọ wá sí kíláàsì.

Ẹ kó kíláàsì lọ bá ẹranko. Ẹni tó bá gbé ní Ifẹ̀ mọ àwọn àdán tó ń so rọ̀ lórí igi ní ọgbà OAU. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀run á ṣú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá na ìyẹ́ rẹ̀, ó lè lé ní 70 sẹ̀ǹtímítà. Èso ni wọ́n ń wá lọ. Ìrókò wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ, irúgbìn rẹ̀ kéré gan-an, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á sì ṣu ú sí ibi tó jìnnà. Àdán tí à ń sọ pé ó dorí kodò tó ń wòṣe ẹyẹ, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe: òun ló ń gbin ìrókò fún wa. Láàárọ̀, ẹ lọ wo abẹ́ igi mìíràn tó jìnnà sí igi fúrúùtù. Bí ẹ bá rí fúrúùtù tó ní ojú eyín níbẹ̀, ẹ mọ ẹni tó gbé e wá.

Ata wẹ́wẹ́ tún wà. Àwọn ọmọ á bi yín pé, "Ànǹtí, ṣé kì í ta ẹyẹ lẹ́nu ni?" Kì í ta á. Capsaicin, èròjà inú ata tó ń ta wá lẹ́nu, kò ràn ẹyẹ. Ẹranko tó ní erìgì á rún irúgbìn ata mọ́ ọn lẹ́nu, ata sì ń lé e. Ẹyẹ kò ní eyín, odidi ni irúgbìn máa ń ti inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin ẹ wo ọgbọ́n ata.

Àfòmọ́ ni kí ẹ fi han ọmọ àgbẹ̀. Wọ́n ń sọ pé kò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Báwo ló ṣe dórí kòkó bàbá yín? Ẹyẹ jẹ èso rẹ̀, irúgbìn náà lẹ̀ bí oje, ó dì mọ́ ẹnu ẹyẹ tàbí kó tẹ̀lé ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹyẹ nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka, ó bá tirẹ̀ lọ, àfòmọ́ ti rílé gbé.

Kòkó fúnra rẹ̀ kì í já bọ́ bó bá pọ́n, kì í sì í là. Ó ń dúró de ẹni tó máa là á: ọ̀kẹ́rẹ́, eku, ọ̀bọ. Wọ́n á lá omi dídùn ara rẹ̀, wọ́n á tu kóró rẹ̀ tó korò dànù. Ọmọ tó bá ń lá kòkó lóko, tó ń tu kóró kiri, ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ ọ̀bọ ló ń ṣe yẹn. Wọ́n fẹ́ràn kí a máa sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ṣé èèyàn náà ń fọ́n irúgbìn ká?

Ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Kòkó tó kọ́ ilé tó pọ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ló ti wá. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Ewé Akíntọ́lá náà ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tòun kò tilẹ̀ sí ẹni tó pè é.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èso àti irúgbìn?

Irúgbìn ni ọmọ, èso ni ilé tó ń gbé. Abẹ́rẹ́ olóko kọ̀ọ̀kan, èso ni, bó tilẹ̀ jọ irúgbìn. Ẹ má fi èyí fìyà jẹ ọmọ JSS 1.

Èwo ni kí àwọn ọmọ má fọwọ́ kàn?

Wèrèpè. Irun ara èèpo rẹ̀ á yún ọmọ títí dé ilé, ìyá rẹ̀ á sì wá yín wá. Oje bomubomu kò gbọdọ̀ kan ojú. Èyí tó ti gbẹ ni kí ẹ ká, kí wọ́n sì fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ológbò, kóró pupa tó ní àmì dúdú, dára lójú, ṣùgbọ́n májèlé ni bí ọmọ bá rún un. Làpálàpá àti làrà, bákan náà: kò gbọdọ̀ dé ẹnu. Mo máa ń sọ òfin kan ṣoṣo fún wọn: ohunkóhun tí a bá mú wá fún àyẹ̀wò, kì í ṣe jíjẹ, ìbáà jẹ́ àgbálùmọ̀. Wọ́n á jẹ àgbálùmọ̀ náà ṣá.

Àbájáde tiwa kò bá ti ìwé mu. Ìwé ní atẹ́gùn ló ń gbé ewé Akíntọ́lá, àwa rí i lára ìbọ̀sẹ̀.

Ìwé ò parọ́, ẹ̀yin náà ò parọ́. Ó ń fò, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ọmọ tó bá kọ méjèèjì sílẹ̀, tó sì sọ ibi tó ti rí i, máàkì tó pé ni mo ń fún un. Ẹni tó kọ ohun tó wà nínú ìwé nìkan, mo ń fún un ní ìdajì, àwọn òbí kan sì ti bá mi jà lórí rẹ̀.

Ìgbà wo lọ́dún ló dára jù?

Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí nǹkan gbẹ. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, òwú á tutù, kò ní í fò, ẹ̀wà ò sì ní í ta. Ti omi nìkan ni ẹ lè fi sí ìgbà òjò: ẹ wo ohun tí ẹ̀gbárá kó jọ sẹ́nu gọ́tà lẹ́yìn òjò ńlá.

Kí la máa ṣe sí irúgbìn tó ṣẹ́kù?

Ẹ dáná sun abẹ́rẹ́ olóko àti èèmọ́, àgbẹ̀ kan ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹ bá dà wọ́n sẹ́yìn ilé ìwé. Ẹ gbin àwọn yòókù sínú agolo, kí ẹ wo èyí tó máa hù. Mo rò pé mo ti kó gbogbo bomubomu tí a lò lọ́dún kẹta sẹ́yìn dànù. Ọ̀kan wà lábẹ́ fèrèsé kíláàsì wa báyìí, láàárín ògiri àti kankéré, ó ti ga tó mi léjìká. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń bomi rin ín.